Bàbá Mi Tó Ń Fi Ahọ́n Wọn Omi

Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi fi bomi rin tàtàṣé nínú ilé ọ̀rá, ilé ọ̀gbìn tí wọ́n fi ọ̀rá bò, kò sì sí ọjọ́ kan nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí iṣẹ́ náà mú un fọwọ́ kan ilẹ̀ gidi. Inú èèpo àgbọn lílọ̀ ni wọ́n ń gbin nǹkan sí níbi iṣẹ́ wa. Wọ́n á lọ èèpo náà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bíi bíríkì, wọ́n á kó o wá nínú páálí. Tí ẹ bá ju bíríkì kan sínú garawa omi, kí ẹ tó wẹ̀yìn, ó ti wú kún garawa. Àwa la óò wá fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ kò fi ní pọ́n mọ́, torí iyọ̀ máa ń wà lára rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti rẹ ẹ́, ká tó dì í sínú àpò dúdú. Igi tàtàṣé méjì ló ń wà nínú àpò kan, àpò ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó ló sì wà nínú ilé ọ̀rá tí bàbá mi ń ṣọ́.

Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a lọ síbi iṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé ìdọ̀tí ni tàtàṣé ń jẹ ni?" Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ń fi iṣẹ́ ṣàwàdà. Nílé ó lè máa fi mí ṣẹ̀sín látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ bàtà rọ́bà rẹ̀, ojú rẹ̀ á le bíi ti adájọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé ẹni tó bá ti dáko rí ló máa ń ba èèpo àgbọn jẹ́. Àgbẹ̀ á bomi rin nǹkan lónìí, á ní kí ojú ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kó tó tún bu omi sí i. Èèpo àgbọn kì í ṣe ohun tí à ń dúró dè. Kò ní oúnjẹ kankan nínú fúnra rẹ̀, àfi èyí tí ẹ bá pò mọ́ omi fún un. Bó bá gbẹ, iyọ̀ inú ajílẹ̀ á dì mọ́ gbòǹgbò, igi á sì jóná láìsí iná. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ la máa ń bomi rin ín, díẹ̀díẹ̀, ajílẹ̀ á sì wà nínú omi náà nígbà gbogbo. Nínú ife mẹ́wàá tó bá wọlé, méjì gbọ́dọ̀ gba ìdí àpò jáde. Omi ìdí là ń pè é. Òun ló ń kó iyọ̀ àṣẹ́kù lọ. Àlejò tó bá rí i á ní omi ń ṣòfò. Ọ̀gá wa pàápàá, lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, omi tó ń ṣòfò ni ojú wọn ṣì ń rí.

Omi ìdí yìí ni bàbá mi fi di ẹni pàtàkì. Láràárọ̀, á mú ife funfun kan, á gbé e sábẹ́ àpò tó kẹ́yìn nínú ìlà, á ti ìka bọ inú rẹ̀, á fi kan ahọ́n. Á di ojú kan. Á tutọ́ sápá òsì. Lẹ́yìn náà á sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ó dáa," tàbí "Ó ti ń le," tàbí "Ẹ fọ̀ ọ́." Bó bá ti ní ká fọ̀ ọ́, gbogbo wa á di rọ́bà omi mú, a ó máa da omi sínú àwọn àpò náà títí èyí tó ń jáde á fi jọ èyí tó ń wọlé. Kì í sì í ṣe omi lásán o. Omi tí ajílẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni, torí bí ẹ bá fi omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ ti bọ́ ara èèpo náà síhòòhò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba oúnjẹ lẹ́nu gbòǹgbò. Òṣìṣẹ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan. Ìdí gbogbo tàtàṣé dúdú bí ẹni pé wọ́n jókòó lórí èédú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi ò fi bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ó ní òun kì í bá apànìyàn tàkúrọ̀sọ.

Dókítà kan ti pariwo mọ́ ọn rí pé ajílẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu kàn. Ó ní kí dókítà fọkàn balẹ̀, pé ahọ́n òun ni, kì í ṣe tiwọn. Ọ̀gá wa náà ra mítà kan wá lọ́dún kan, irú èyí tí wọ́n ń tì bọ omi tí á sì sọ iye iyọ̀ tó wà níbẹ̀. Mítà ní omi dáa, bàbá mi ní ó ti le jù. Wọ́n fà á, wọ́n ò jọ gbà. Níkẹyìn, ẹni tó ta mítà wá wò ó, ó ní wọn ò tíì fi omi ìgò tó bá a wá tò ó kó lè máa ka iye tó tọ́, pé irọ́ ló ń pa. Látìgbà náà ni mítà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì sọ bàbá mi ní Ahọ́n-ò-parọ́. Á ní òun ò fẹ́ orúkọ yẹn, á sì máa rẹ́rìn-ín sábẹ́ irun imú.

Nígbà tí ìyá mi kú, mo kó padà sílé láti máa tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo ń se oúnjẹ. Kí n má purọ́, ìyà jẹ mí. Kò sí ọbẹ̀ tí mo sè tí kò rí nǹkan sọ sí. "Iyọ̀ yìí fi díẹ̀ ju ti àná lọ." "Ata yìí ò jinná." Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n ju ṣíbí ọbẹ̀ lù ú. Lẹ́yìn náà ni ibà àti ọ̀fìnkìn kan dá a wólẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó dìde, kò ráhùn mọ́. Mo dúpẹ́. Mo rò pé àìsàn ti fún un ní sùúrù.

Ó di ọjọ́ kan tí mo ń sáré, mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, mo gbàgbé, mo tún fi sí i. Bàbá mi jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ìrẹsì nu àwo mọ́ tónítóní, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, ó dùn." Èmi wá bu tèmi, mo fi kan ẹnu, mo tu ú dànù. Lọ́jọ́ kejì mo mọ̀ọ́mọ̀ sè é láìfi hóró iyọ̀ kan sí i. Ó tún dùn. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bó ṣe ń jẹun. Bó bá ti fi ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, á gbé ojú sókè, á wo ojú mi. Bí mo bá yínmú, á ní iyọ̀ ti pọ̀ díẹ̀. Bí mo bá ń jẹ tèmi lọ, á ní ó dùn. Ojú mi ló fi ń tọ́ oúnjẹ wò. Ó mọ̀, mo mọ̀, àwa méjèèjì sì ń jẹun lọ.

Kí ló dé tí n kò sọ nǹkan kan? Mo ti bi ara mi léèrè títí ó fi sú mi. Ní ìgbà yẹn, ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn tó ti dàgbà lọ sinmi, mo sì mọ̀ pé bàbá mi kò ní nǹkan mìíràn láyé ju ilé ọ̀rá yẹn. Ìyá mi ti lọ. Èwo ni kí ó wá máa fi ojoojúmọ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ojú ló ń tì mí. N kò mọ bí ọmọ ṣe ń wo ojú bàbá rẹ̀ kó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo sì rò pé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára. Ó ṣì ń ti ìka bọ ife, ó ṣì ń di ojú kan, ọjọ́ kẹwàá kẹwàá ló sì ń ní ká fọ àwọn àpò, bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi bẹ́ẹ̀ lọ, tàtàṣé sì ń so.

Lẹ́yìn náà ni ooru dé, kànga sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọ̀gá ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ká máa bomi rin lóòjọ́, pé omi ìdí kò gbọ́dọ̀ jáde mọ́, pé a ò ní omi tí a fẹ́ fi fọ àpò kankan.

Bàbá mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó máa jáde díẹ̀. Iyọ̀ á dúró sínú ẹ̀."

Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ ò wà níbẹ̀ ni, Bàbá? Bó bá ti le, ẹ sọ fún mi, màá jẹ́ kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀."

Ó yẹ kí bàbá mi sọ ọ́ níbẹ̀ pé ahọ́n òun kò gbọ́ iyọ̀ mọ́. Ó yẹ kí èmi náà sọ ọ́. Bàbá mi ní, "Ó dáa. Màá máa tọ́ ọ wò."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ìyá Alájílẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Òun ló ń po ajílẹ̀ mọ́ omi nínú táǹkì, obìnrin tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so igi mọ́ okùn láìṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Ife ike kan báyìí ló fi ń wọn ajílẹ̀, ó fi ọ̀dà èékánná pupa fa ìlà sí i lára, kò sì jẹ́ bù ú kọjá ìlà náà. Ó já ewé kan, ó mú un wá bá bàbá mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wo etí ẹ̀ bó ṣe jó. Lójú tèmi o, iyọ̀ ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ jẹ́ ká bẹ ọ̀gá, ká fọ̀ wọ́n."

Bàbá mi gbé ife sábẹ́ àpò. Díẹ̀ báyìí ló kán sí i, ó nípọn, ó pọ́n bíi tíì. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n. Kò di ojú kankan. Ó gbé ojú sókè, ó sì wò mí.

Àpò méjì péré ló wà láàárín wa. Mo mọ ohun tó ń wá lójú mi. Ohun tó ń wá nídìí tábìlì lójoojúmọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń so okùn tó ti so tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́ tó ní, "Kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Omi lásán ni. Ebi ló ń pa wọ́n."

Wọ́n ní kí Ìyá Alájílẹ̀ fi kún ajílẹ̀. Ó fi kún un. Ewé tún jó sí i. Bàbá mi tún tọ́ ọ wò, ó tún ní omi lásán ni. Wọ́n tún ní kó fi kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, igi tó wà ní ìlà ẹ̀gbẹ́ ògiri ń ju òdòdó sílẹ̀, bàbá mi sì ń sọ ohun kan náà, ohùn rẹ̀ sì ń le sí i bó ṣe ń sọ ọ́. Àfi bí ọ̀gá ṣe pè wá jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀rá.

Ó ní, "Ìyá Alájílẹ̀, gbogbo ajílẹ̀ tí mo ń kó fún yín, níbo ló ń lọ?"

"Inú táǹkì ni, ọ̀gá."

"Bàbá ní omi lásán ló ń jáde."

Ìyá Alájílẹ̀ yíjú sí bàbá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà? Ẹ ti mọ̀ mí látọjọ́ wo?"

Bàbá mi ní, "Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ohun tí ahọ́n mi sọ ni mo sọ."

Wọ́n tú báàgì obìnrin náà lójú gbogbo wa. Abọ́ oúnjẹ ló bọ́ síta, súwẹ́tà ọmọ, àti ife ike onílà pupa yẹn. Ọ̀gá ní, bí ajílẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lónìí, èyí tó ti lọ ti lọ. Ó ní kó máa lọ sílé. Obìnrin náà ṣa ẹrù rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó nu súwẹ́tà náà mọ́ra, ó lọ. Mo dúró síbẹ̀, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo tún fi dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá mi ló ń po ajílẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, igi ń kú lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó kù tí a lè di ẹ̀bi rù. Mo yọ bátìrì aago ara ògiri ilé wa láti fi sínú mítà. Nígbà tí ọ̀gá jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo wọ ọ́fíìsì, mo yọ mítà nínú dúrọ́ọ̀, mo ka ìwé rẹ̀, mo fi omi inú ìgò kékeré tó bá a wá tò ó. Mo tì í bọ omi táǹkì: mẹ́rin àti díẹ̀, ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó jẹ́. Mo tì í bọ omi ìdí: mọ́kànlá. Mo wọn àpò mẹ́ta. Mọ́kànlá, mẹ́wàá, méjìlá.

Mo lọ bá bàbá mi nínú ìlà, mo gbé mítà sí i lójú. Kò bínú. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló mú ife omi ìdí, ó da gbogbo omi tó wà níbẹ̀ sẹ́nu kí n tó lè dá a dúró, kò gbé e mì, ó ń dúró. Ó tu ú dànù.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. N ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó jókòó sórí garawa tó dojú bolẹ̀. "Mo rò pé á padà. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la lá padà." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bo ojú. N kò rí i kó sunkún nígbà tí ìyá mi kú, mo rí i lọ́jọ́ yẹn.

Ó lọ sọ fún ọ̀gá fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí n bá òun wọlé. Nígbà tó jáde, ó ní wọ́n ti gbà ká fọ̀ wọ́n, pé òun náà á sì lọ sinmi bí a bá ti fọ̀ wọ́n tán. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é, láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú, omi ajílẹ̀ fẹ́lẹ́ nínú àpò ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó. Èmi ni mò ń wọn ọ́n. Bàbá mi ń di rọ́bà mú, á bi mí léèrè ní ìdí àpò kọ̀ọ̀kan, "Ó ti tó?" bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ìdajì àwọn igi náà ló yè.

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Ìyá Alájílẹ̀ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun ò lè gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti tú báàgì òun kọjá mọ́. Èmi ni wọ́n wá fi sípò bàbá mi. Èmi ni olórí omi báyìí, mítà wà lọ́rùn mi pẹ̀lú okùn, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè ìgbà tí mo mọ̀.

Bàbá mi ní ká lọ bẹ obìnrin náà. Yàrá kan tó wà lókè àtẹ̀gùn ló ń gbé, aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ wà lórí okùn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi fẹ́ kúnlẹ̀. Obìnrin náà sáré dì í lápá mú, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, Bàbá. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Àìsàn ni. Ta ló máa ń sọ fáyé pé ara òun ti kọ iṣẹ́?" Ó gbé àga fún un. Ó bu omi fún un. Bàbá mi gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Obìnrin náà wá kọjú sí mi. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ lò ń se oúnjẹ fún wọn. Ṣé o mọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n tú báàgì mi?"

Bàbá mi gbé ojú sókè, ó wo ojú mi. Mo mọ̀ pé ó mọ̀.

Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. N ò mọ̀."

Bàbá mi wolẹ̀. Obìnrin náà gbà mí gbọ́. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n má jẹ́ kó dùn mí jù, pé kí n máa tọ́jú bàbá mi dáadáa.